Igi Ń Ka Ọdún: Ìwé Òjò Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kọ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002, àwọn ohun ìjà tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù. Ilẹ̀ mì tìtì, fèrèsé fọ́, ojú ọ̀run pọ́n. Àwọn ènìyàn sá jáde láì mọ ibi tí wọ́n forí lé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sá dé Òkè-Àfá ní Ìsọlọ̀ nínú òkùnkùn. Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà ní òdì kejì ni wọ́n fẹ́ sá sí. Ewéko tútù tó tẹ́ rẹrẹ níwájú wọn jọ ilẹ̀ gidi, ṣùgbọ́n omi kánáàlì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ṣáájú rì, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń tì wọ́n. Àwọn tó pàdánù ẹ̀mí wọn lọ́jọ́ náà lé ní 1,000, omi Òkè-Àfá ló sì gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Òkúta ìrántí wà ní Òkè-Àfá lónìí nítorí wọn. Síbẹ̀, iye àwọn tó kú gan-an ṣì ń yàtọ̀ láti ẹnu kan sí ẹnu kejì, láti ìwé kan sí ìwé kejì. Bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo ayé, ní ìlú tí ìwé ìròyìn àti rédíò wà, bá lè ní irú àìdájú bẹ́ẹ̀ láàrin ọdún díẹ̀, kí ni ènìyàn yóò sọ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 150 tàbí 200 ọdún sẹ́yìn? Ta ni yóò jẹ́rìí pé òjò kò rọ̀ ní ọdún báyìí, pé odò gbẹ, pé iṣu kò ta?

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ kan náà yìí, ibì kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, NiMet, ní ọ́fíìsì ní Òṣòdì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń gba àkọsílẹ̀ òjò nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìwádìí. Ọdún 2003 ni òfin tó gbé àjọ náà kalẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òjò wíwọ̀n dàgbà ju àjọ náà lọ. Láti ìparí ọ̀rúndún 19 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ti ń wọn òjò ní Èkó. Ṣáájú ìgbà náà, ìwé dákẹ́. Ohun tó kù ni ẹnu àgbà, oríkì ìlú, àti ìtàn tí àwọn ènìyàn fi ogun àti ìyàn sàmì sí.

Ẹlẹ́rìí kan tún wà tí kì í sọ̀rọ̀, tí kò sì kúrò lójú kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Igi ni.

Bí igi ṣe ń kọ ọdún sínú ara rẹ̀

Ẹni tó bá ti dúró ní ibi ìlagi rí yóò ti kíyè sí i pé ojú ibi tí wọ́n gé nínú àwọn gẹdú kan ní àmì róbótó róbótó, ọ̀kan nínú èkejì, bí ìgbà tí wọ́n ju òkúta sínú omi. Àmì wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní òrùka ìdàgbà. Láàrin èèpo igi àti igi fúnra rẹ̀, awọ tútù tín-ín-rín kan wà tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń dá igi tuntun. Bí ó ti ń dá igi tuntun sínú ni ó ń dá èèpo tuntun síta. Nítorí náà, àárín igi ni ọjọ́ orí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ọdún tó gbẹ̀yìn sì wà lábẹ́ èèpo.

Iṣẹ́ awọ yìí kì í lọ bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Nígbà tí omi bá pọ̀ nínú ilẹ̀ tí ewé sì tútù, ihò tí omi ń gbà kọjá nínú igi a máa tóbi, igi tuntun náà a sì fúyẹ́. Nígbà tí omi bá ń tán lọ, ihò wọ̀nyí a kéré, igi a le, àwọ̀ rẹ̀ a sì dúdú díẹ̀. Bí igi bá wọ ìsinmi, iṣẹ́ dúró. Nígbà tí òjò bá padà dé, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, ìlà kan a sì wà láàrin ti èṣí àti ti ọdún tuntun. Ọdún tí òjò rọ̀ dáadáa a fi òrùka fífẹ̀ sílẹ̀. Ọdún ọ̀gbẹlẹ̀ a fi tín-ín-rín sílẹ̀. Ẹni tó bá ka iye òrùka mọ ọjọ́ orí igi. Ẹni tó bá wọn fífẹ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé òjò.

Kò di dandan kí wọ́n gé igi kí wọ́n tó kà á. Irin oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń yí wọ inú igi títí dé àárín. Ọ̀pá igi tó rí bí pẹ́ńsù ìkọ̀wé ló ń bá a jáde. Igi náà a sì máa bá ayé rẹ̀ lọ.

Ọkùnrin tó ń wá oòrùn, tó rí òjò

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, Leonardo da Vinci ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Ítálì pé òrùka igi ń fi iye ọdún hàn, àti pé fífẹ̀ rẹ̀ ń sọ bóyá ọdún náà tutù tàbí ó gbẹ. Ṣùgbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, A. E. Douglass, ló sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ tó dúró lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀. Onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ni. Ohun tó ń wá ni bí àmì dúdú ojú oòrùn, tó máa ń pọ̀ tó sì máa ń dínkù láàrin nǹkan bí ọdún 11, ṣe kan ojú ọjọ́ ayé. Kò rí ìwé òjò àtijọ́ tó lè fi wò ó, ló bá kọjú sí igi páínì ilẹ̀ Arizona ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20.

Ohun tó ṣàwárí ju iye kíkà lọ. Ó rí i pé gbogbo igi tó wà ní agbègbè kan náà ló ń jìyà ọ̀gbẹlẹ̀ kan náà, nítorí náà ètò òrùka fífẹ̀ àti òrùka tín-ín-rín wọn bára mu. Bí igi kan tí wọ́n gé lónìí bá ní àpẹẹrẹ kan ní ìgbà èwe rẹ̀, tí òpó ilé àtijọ́ kan sì ní àpẹẹrẹ kan náà ní ìgbà ogbó tirẹ̀, a jẹ́ pé àwọn méjèèjì jọ wà láyé fún ìgbà díẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń so igi mọ́ igi, òkú mọ́ alààyè, títí ìtàn yóò fi padà sẹ́yìn ju ọjọ́ orí igi kankan lọ.

Ní ọdún 1929, ní ìlú Show Low ní Arizona, wọ́n rí ìtì igi kan tó ti jó díẹ̀ tó sì di àlàfo tó kẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, wọ́n lè sọ ọdún tí wọ́n gé òpó àwọn ilé ńláńlá tí àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà kọ́ ṣáájú kí àwọn òyìnbó tó dé. Igi náà tún fi ọ̀gbẹlẹ̀ líle kan hàn láti ọdún 1276 dé 1299, ní àsìkò tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi ìlú wọn sílẹ̀. Ní ọdún 1937, yàrá ìwádìí òrùka igi dá sílẹ̀ ní yunifásítì Arizona.

Ìmọ̀ náà ní ìtìjú tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1964, ní ìpínlẹ̀ Nevada, akẹ́kọ̀ọ́ kan gba àṣẹ láti gé igi páínì kan kí ó lè kà á. Lẹ́yìn tí igi ti wó ni wọ́n ka òrùka 4,862. Igi tó ti wà kí wọ́n tó kọ́ àwọn òkè òkúta ọba Íjíbítì ni wọ́n gé lulẹ̀ láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ṣé igi ilẹ̀ olóoru ń ka ọdún?

Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà gbà pé igi ilẹ̀ olóoru kò ní òrùka ọdún. Wọ́n ní kò sí yìnyín níbẹ̀, kò sí òtútù tó ń dá igi dúró, nítorí náà igi ń dàgbà láìsinmi. Ẹni tó bá ti gbé ní ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, arère a wọ́wé, àràbà a wọ́wé, afàrà a wọ́wé. Igi tó dúró níhòòhò ní oṣù Kìn-ín-ní kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé bí oṣù méjì sí mẹ́ta bá wà lọ́dún tí òjò kò tó mílímítà 60 lóṣù, ó tó láti mú ọ̀pọ̀ igi sinmi kí ó sì fi ìlà sílẹ̀. Èkó pàápàá ní irú oṣù bẹ́ẹ̀, láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì.

Ẹ̀rí sì ti wà tipẹ́. Ní ọdún 1931, Berlage tẹ ìwádìí kan jáde nípa igi tíìkì erékùṣù Java ní Indonesia, èyí tó gba ọdún 1514 dé 1929. Ní Nàìjíríà, R. G. Lowe kọ̀wé ní ọdún 1968 nípa bí arère ṣe ń dàgbà ní ìgbà kan tó sì ń dúró ní ìgbà kejì. Ní ọdún 1973, C. C. Amobi tẹ iṣẹ́ tirẹ̀ jáde nípa àsìkò tí àwọn igi kan nínú igbó kìjikìji Nàìjíríà ń dá igi tuntun. Ní àwọn ọdún 1960, ará Faransé kan, Alain Mariaux, gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀ tó rọrùn débi pé àgbẹ̀ lè lóye rẹ̀: a ó dá ojú ihò kékeré sí ara èèpo igi ní ọjọ́ tí a mọ̀, a ó tún dá òmíràn lẹ́yìn ọdún kan. Ojú ọgbẹ́ a wà nínú igi títí láé. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, a ó gé igi náà, a ó sì wo iye òrùka tó wà láàrin ọgbẹ́ kan àti èkejì. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, igi náà kì í parọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń parọ́ díẹ̀. Ní gúúsù ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò ń rọ̀ lọ́dún: ti àkọ́kọ́ a máa pọ̀ jù ní oṣù Kẹfà, lẹ́yìn náà òjò a sinmi ní oṣù Kẹjọ, kí ó tó tún dé ní oṣù Kẹsàn-án. Igi kan lè gba ìsinmi oṣù Kẹjọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó sì fa ìlà méjì sínú ọdún kan. Igi tó wà létí ọ̀sà, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń mu omi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, lè máà fa ìlà kankan tó hàn. Nínú ìrókò, ìlà náà kì í hàn kedere ní gbogbo ìgbà. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró níwájú igi kan ṣoṣo kí ó sì kéde ọjọ́ orí rẹ̀. Igi kì í dá ṣe igbó. Òrùka igi kan kì í sì dá ṣe ìtàn. Àfi kí wọ́n fi ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ wò ó.

Àwọn kan kò tilẹ̀ sí nínú ẹgbẹ́ náà rárá. Ọ̀pẹ àti àgbọn kì í fẹ̀ síta bí igi yòókù, wọn kò sì ní òrùka tí a lè kà. Pèrègún, tí àwọn baba ńlá ń gbìn sí ààlà oko kí ìjà má bàa sí lọ́jọ́ iwájú, kò ní ìwé ọdún nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jẹ́ ẹlẹ́rìí ààlà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ etí kánáàlì Òkè-Àfá kì í ṣe igi rárá. Ewé tó wé mọ́ ewé ni ìtì rẹ̀, bí ó bá sì ti so tán, ó ti parí nìyẹn.

Ohun tí igi apá sọ láti ọdún 1840

Ibi tí igi ti sọ̀rọ̀ tó yé ènìyàn jù lọ nítòsí ilẹ̀ Yorùbá ni orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà. Ní ọdún 2006, Jochen Schöngart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Global Change Biology lórí àwọn igi tí wọ́n yẹ̀ wò ní Benin àti Côte d'Ivoire. Wọ́n fi fífẹ̀ òrùka wé àkọsílẹ̀ òjò tó wà nílẹ̀, wọ́n sì rí i pé méjèèjì ń rìn pọ̀. Nígbà náà ni wọ́n lo igi apá, igi líle tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà mọ̀ dáadáa, láti ṣírò òjò ọdọọdún ní Benin padà sẹ́yìn títí dé ọdún 1840.

Kí ènìyàn rò ó wò. Ní ọdún 1840, kò tíì pẹ́ tí Ọ̀yọ́ Ilé túká, tí àwọn ènìyàn sì ń wọ́ lọ sí gúúsù. Ìbàdàn ń gbilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlú ogun. Ọdún méjì ṣì kù kí Thomas Birch Freeman tó gúnlẹ̀ sí Badagry, 11 ṣì kù kí àwọn ọkọ̀ ogun òyìnbó tó yìnbọn lu Èkó ní 1851, 37 sì kù kí ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ìtàn gbogbo ogun wọ̀nyí wà nínú ìwé: ẹni tó ṣẹ́gun, ẹni tó sá, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú. Òjò tó rọ̀ sórí oko àwọn jagunjagun náà kò sí nínú ìwé kankan. Igi apá tó wà láyé nígbà náà ló kọ ọ́, òrùka kan fún ọdún kan, láì mọ ẹni tó jọba.

Ohun tó hàn jù lọ nínú ìwé igi náà wà nítòsí òde òní. Láti òpin àwọn ọdún 1960, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù kíákíá ní apá Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àwọn tó wà láyé nígbà náà rántí ọ̀gbẹlẹ̀ Sàhẹ́lì láti 1968 dé 1973, tó pa ẹran àti ènìyàn láti Senegal dé Chad, àti èyí tó tún dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí iná sì jó oko kòkó ní Ghana ní 1983. Adágún Chad sún kì bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn. Ìwádìí náà fi hàn pẹ̀lú pé òjò tí igi ń kọ sílẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú bí ojú òkun ṣe gbóná tó, pàápàá ti etíkun Guinea. Òkun tí ó ń gbá Èkó létí ní ọwọ́ nínú bí òrùka igi ṣe fẹ̀ tó ní ibi tó jìnnà sí òkun.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì fún Òkè-Àfá rọrùn. Ẹni tó ń gbẹ́ kánáàlì gbọ́dọ̀ mọ bí òjò tó pọ̀ jù lọ ṣe lè pọ̀ tó. Bí ìwé tó ń wò kò bá ju ọdún díẹ̀ lọ, ó lè gba ọdún ọ̀gbẹlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe ilẹ̀ náà. Àwọn tó kọ́ ilé sí ipa odò ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, nígbà tí òjò kéré, rò pé odò náà ti kú. Òjò ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, tó sọ òpópónà Èkó di odò, rán wọn létí pé odò kì í kú bẹ́ẹ̀. Ìwé tó gùn ló ń sọ ìyàtọ̀ láàrin ìṣe àti ìṣẹ̀lẹ̀.

Igi ńlá, ọjọ́ orí ńlá?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, igi ńlá kì í ṣàìní ìtàn. Lábẹ́ igi Agia ní Badagry ni wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere ní ọdún 1842. Igi náà wó ní ọdún 1959, òkúta ìrántí sì wà ní ibi tó dúró sí. Nípa irú igi bẹ́ẹ̀, ẹnu àwọn ará ìlú a máa sọ pé ó ti lo 300 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n gíga àti títóbi kì í ṣe ọjọ́ orí. Àràbà a máa sáré dàgbà, ó lè fi ìwọ̀nba ọdún di òmìrán. Igi mìíràn tí kò ga ju orí ilé lọ nínú ilẹ̀ gbígbẹ lè jẹ́ baba ńlá rẹ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: inú igi ni àkísà rẹ̀ wà.

Igi oṣè, tí àwọn Hausa ń pè ní kuka, fi ìṣòro mìíràn hàn. Òrùka rẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, inú rẹ̀ a máa ṣófo, ìtì púpọ̀ sì lè para pọ̀ di igi kan. Ọmọ Romania kan, Adrian Patrut, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀nà kábọ́ọ̀nù wádìí ọ̀pọ̀ igi oṣè ní Áfíríkà. Wọ́n rí ọ̀kan ní Zimbabwe tó ti lo nǹkan bí 2,450 ọdún kó tó kú. Ní ọdún 2018 ni wọ́n kéde pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dàgbà jù lọ ti ń wó, wọ́n sì fura sí ìyípadà ojú ọjọ́.

Ọ̀nà kábọ́ọ̀nù yìí, tí Willard Libby gbé jáde ní ọdún 1949, ni wọ́n fi mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi Dufuna, tí wọ́n hú jáde ní ìpínlẹ̀ Yobe lẹ́yìn tí darandaran kan rí i ní 1987, ti lo nǹkan bí 8,000 ọdún. Òun náà ni wọ́n fi sọ pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n hú ní Ilé-Ifẹ̀ wá láti ọ̀rúndún 12 dé 15. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé kábọ́ọ̀nù nìkan kò lè sọ ọdún tó péye, nítorí iye rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ kì í dúró sójú kan. Òrùka igi ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Wọ́n mú òrùka tí wọ́n ti mọ ọdún rẹ̀ dájú, wọ́n wọn kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀, wọ́n sì fi ṣe òṣùwọ̀n. Igi óákù àti páínì ilẹ̀ Jámánì ti gbé òṣùwọ̀n náà padà sẹ́yìn ju 12,000 ọdún lọ. Nítorí náà, igi ilẹ̀ òkèèrè ló ń bá Ifẹ̀ ka ọjọ́ orí rẹ̀.

Ìṣọ́ra kan sì wà níbẹ̀. Bí èédú tí wọ́n rí nínú ààrò àtijọ́ bá wá láti àárín ìrókò tó ti lo 200 ọdún, ọjọ́ tí kábọ́ọ̀nù yóò sọ ni ọjọ́ tí àárín igi náà dàgbà, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n dá iná. Ìtàn ìlú lè tipa bẹ́ẹ̀ fi 200 ọdún dàgbà lásán. Ẹni tó mọ irú igi àti ibi tí èédú ti wá nínú rẹ̀ nìkan ló lè yẹra fún àṣìṣe náà.

Igbó fúnra rẹ̀ máa ń tan ènìyàn. Ní àwọn ọdún 1950, E. W. Jones wo igbó Okomu ní ilẹ̀ Ẹdó, igbó tí gbogbo ènìyàn ń pè ní igbó ìwáṣẹ̀. Ó rí èédú àti àpáàdì ìkòkò lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ti dáko níbẹ̀ rí. Ìwádìí tí White àti Oates tẹ̀ jáde ní 1999 tọ́ka sí nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn fún èédú náà. Àwọn igi gíga tí ènìyàn ń wò pẹ̀lú ìbẹ̀rù jẹ́ ọmọ oko tí àwọn baba fi sílẹ̀.

Ìwé tí ayùn ń ya

Ní Òkò Bàbá, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, létí ọ̀sà Èkó, gẹdú ti ń léfòó dé láti inú igbó Oǹdó àti Ògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń kó àwọn onígẹdú lọ sí Agbówá, ṣùgbọ́n ibi yòówù kí wọ́n wà, iṣẹ́ kan náà ni: gẹdú wọlé, pákó jáde. Gbogbo gẹdú tó bá ní òrùka tó hàn jẹ́ ìwé òjò agbègbè kan. Ayùn a là á, ìyẹ̀fun rẹ̀ a jóná, èéfín a sì gba orí omi lọ. Igbó Ọmọ, tí UNESCO ti kà mọ́ àwọn ibi ìṣọ́ ẹ̀dá láti 1977, ń fọwọ́ ara rẹ̀ ka àdánù náà bí àwọn agégi ti ń wọlé.

Igi tó ti wó kò tún lè dìde. Ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ kan láti ìdí rẹ̀, tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ títa pákó. Bí a bá kọ orúkọ igi, ibi tí wọ́n ti gé e àti ọjọ́ tí wọ́n gé e sí ara pẹlẹbẹ náà, ó ti di ẹ̀rí. Ibi ìkó-nǹkan-sí kò ṣàìsí. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ti Nàìjíríà ní Ìbàdàn ń tọ́jú ewé àti òdòdó igi tó lé ní 100,000 ẹ̀dà; pẹlẹbẹ igi lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ní Ọlọ́kẹ̀mẹ́jì, láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, wọ́n ti ń gbin tíìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Igi tí a mọ ọdún tí wọ́n gbìn ín jẹ́ ìdánwò tó dára jù lọ, nítorí ẹnikẹ́ni lè ka òrùka rẹ̀ kí ó sì wò ó bóyá iye náà bá ọdún mu. Bí ó bá bá a mu, a lè gba àwọn tí a kò mọ ọdún wọn gbọ́.

Èyí kì í ṣe iṣẹ́ tó nílò owó ńlá kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó nílò kí àwọn onígẹdú, yunifásítì àti ìjọba sọ̀rọ̀ síra wọn kí ayùn tó parí iṣẹ́. Ìwé òjò tó wà ní Òṣòdì yóò di èyí tí a fi ń dán igi wò. Igi yóò sì gbé ìwé Òṣòdì kọjá ibi tí òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣètò omi fún Èkó tí ènìyàn kún fọ́fọ́ yóò ní 200 ọdún láti wò dípò 30.

Láti ọdún 2008, ọjọ́ 14 oṣù Keje ni ìpínlẹ̀ Èkó ń fi ṣe ọjọ́ igi gbígbìn. Bí wọ́n bá gbin afàrà tàbí arère sí ẹ̀bá omi Òkè-Àfá ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, igi náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọyẹ́ àkọ́kọ́. Oṣù Kìn-ín-ní, oṣù tí àwọn ènìyàn wá síbi òkúta ìrántí, ni yóò máa wọ́wé. Òjò yóò dé, yóò sì fa ìlà tuntun. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà lè dàgbà, kí ó lo irin oníhò láti yọ ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ó sì ka ọjọ́ orí ara rẹ̀ níbẹ̀, ọdún kan lẹ́yìn òmíràn, láìsí ẹni tí yóò bá a jiyàn iye rẹ̀.